"Ulé" Kì í Ṣe Àṣìpè

Bí ọmọdé bá sọ "ulé" ní kíláàsì ní Adó-Èkìtì, tí olùkọ́ sì ní "ilé" ni kó wí, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀: ó yẹ kí ọmọ mọ Yorùbá àjùmọ̀lò. Ẹ̀bi dé nígbà tí a bá sọ fún un pé yèyé rẹ̀ ń ṣi ọ̀rọ̀ pè.

Ẹ̀ka-èdè Ọ̀yọ́ ni àwọn tó kọ́kọ́ kọ Yorùbá sílẹ̀ gbára lé jù lọ. Ọmọ Òṣoògùn ni Àjàyí Crowther. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1843, odindi Bíbélì sì tẹ̀lé e ní 1884. Fáwẹ́lì "u" kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá ìwé; òun ló bẹ̀rẹ̀ "ulé" àti "uṣu" lẹ́nu ará Èkìtì. Fáwẹ́lì àìránmúpè mẹ́sàn-án ni Èkìtì ń pè, lẹ́tà méje péré ni a fún un láti fi kọ wọ́n. Ta ni ó jẹ ta ní gbèsè?

Àdánù tó tóbi jù wà nínú ilé fúnra rẹ̀. Yèyé ti di "mọ́mì", gbogbo ọkùnrin sì ti di "áǹkù", títí kan awakọ̀ àti onílé. Ọ̀rọ̀ wa kì í fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bóyá ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n tàbí obìnrin. Ẹni tí a kọ́kọ́ bí ló ń wádìí. Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá ni "áǹkù" yìí, àbí àbúrò ìyá? Ọjọ́ tí ẹbí bá jókòó lórí ogún, ìbéèrè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Olùkọ́ lè kọ "ilé" àti "ulé" sójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó sì bi àwọn ọmọ léèrè bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà nílé wọn.