Gotong Royong Kì Í Ṣe Àáró

Nínú kíláàsì ìtumọ̀ ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa ní ká wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tó bá gotong royong mu. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Indonésíà ni. Kò pẹ́ rárá tí gbogbo wa fi dáhùn pé àáró ni. Èmi náà wà lára wọn, mo sì gba máàkì. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kà nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé àti àdúgbò wọn, pàápàá ní erékùṣù Java, mo sì ti rí i pé máàkì yẹn kò tọ́ sí mi.

Kí ni àáró? Ẹ bá mi ro oko lónìí, màá bá yín ro tiyín lọ́la. Kí ni ọ̀wẹ̀? Mo fẹ́ kọ́lé, mo pe àwọn ènìyàn mi, mo se oúnjẹ, wọ́n bá mi ṣe é. Nínú méjèèjì, iṣẹ́ náà ní ẹni tó ni ín. Àwọn ará Java ní irú èyí náà. Sambatan ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì fi ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti kọ́lé. Gbòǹgbò rẹ̀ ni sambat, kí ènìyàn ráhùn tàbí kí ó bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Ká ní sambatan ni wọ́n bi wá, ọ̀wẹ̀ ì bá tó.

Ṣùgbọ́n gotong royong gbòòrò ju ìyẹn lọ. Ó kó kerja bakti mọ́ra. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, àwọn ará òpópónà kan á jáde pẹ̀lú ọkọ́, ṣọ́bìrì àti ìgbálẹ̀. Wọn á kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà, wọn á ro koríko ẹ̀bá ọ̀nà, àwọn kan á sì gbé tíì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín wá. Tí ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ, àyájọ́ òmìnira wọn, bá ń sún mọ́lé, wọn á kun ẹnu ọ̀nà àdúgbò lọ́dà, wọn á ta àsíá pupa àti funfun káàkiri. Ta ló ni gọ́tà yẹn? Kò sí ẹnì kan tó dá ni ín. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ àáró ò ti tó mọ́.

Kí ló ń mú wọn jáde? Àwọn kan á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Mi ò gbà. Ètò ló wà níbẹ̀. Àwọn ìdílé tó múlé ti ara wọn ló ń jẹ́ Rukun Tetangga, ìyẹn RT. Alága RT kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Aládùúgbò ni, àwọn aládùúgbò ló sì yàn án. Tetangga ni aládùúgbò. Rukun wá láti inú èdè Lárúbáwá, òun náà ni wọ́n ń lò fún òpó márùn-ún ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Java, ó ti di ìrẹ́pọ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni jimpitan. Jimpit ni ìwọ̀n tí orí ìka lè ṣà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Java, ìdílé kọ̀ọ̀kan a máa fi ìrẹsì bíńtín tàbí owó ẹyọ sínú agolo kékeré tí wọ́n gbé kọ́ síwájú ilé. Àwọn ará àdúgbò tó bá kàn láti ṣọ́dẹ lóru ọjọ́ náà ni yóò kó o bí wọ́n ṣe ń rìn yíká. Ohun tí wọ́n bá rí kó ni wọ́n fi ń bójú tó nǹkan àdúgbò, bí iná òpópónà àti àgọ́ ọdẹ. Ìrẹsì orí ìka kò lè ni ẹnikẹ́ni lára, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló ń rí agolo tó ṣófo.

Mi ò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dùn o. Àwọn ọmọ ogun Japan ló gbé irú ètò RT wọ Java nígbà tí wọ́n gba ilẹ̀ náà láàárín ọdún 1942 sí 1945, kí wọ́n lè máa ṣọ́ àwọn ènìyàn. Títí dòní, ẹ ó rí pátákó ní àdúgbò pé kí àlejò lọ fara hàn láàárín wákàtí 24. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1945, Sukarno sọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé gotong royong ni kókó orílẹ̀-èdè tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀. Nígbà tó yá, lábẹ́ ìjọba Suharto, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń kó ará abúlé jáde sí iṣẹ́ tí wọ́n ti là sílẹ̀ láti òkè.

Èrò tèmi nìyí: ibi tí ẹni tó ń pe iṣẹ́ bá ti ń gbọ́ òórùn gọ́tà náà, iṣẹ́ á jẹ́ ti gbogbo wọn. Tí onípè bá wà lókèèrè, iṣẹ́ ọba ló dà, orúkọ rere kankan ò sì lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" ti di ohun tí a fi ń kádìí àròkọ. Èmi tí mo kọ àáró sínú ìwé, mi ò ṣe àáró rí láyé mi. Nítorí náà, kí a tó túmọ̀ ọ̀rọ̀ àṣà ẹlòmíì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè: ta ló ń pe iṣẹ́ náà? Ta ló ni ohun tí wọ́n ń tún ṣe? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò wá? Bí olùkọ́ wa bá tún bi mí, màá fi gotong royong sílẹ̀ bó ṣe wà, màá wá ṣàlàyé rẹ̀ ní gbólóhùn méjì. Wọ́n lè gé máàkì mi, kò burú.