Ẹ́ńjìnnì Kì Í Ṣe Àdàlù: Ẹ Wọn Irin Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀rọ̀ tọ̀sẹ̀ yìí kan mẹ́káníìkì, ó kan tọ́nà, ó sì kan ìyá oníṣòwò tó ní ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣoṣo tó fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni oníbàárà máa ń dúró sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tí á ní, "Ọ̀gá, ọkọ̀ yìí ò lágbára tó. Ṣé ẹ ò lè bá mi sọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ di ńlá ni?" Ó ṣeé ṣe o. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń wọgbó, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fojú ra irin tó yẹ kí wọ́n fi ìwọ̀n rà.

Ẹ jẹ́ kó yé tọmọdé tàgbà. Sìlíńdà dà bí odó, pístìn dà bí ọmọ odó tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Kọnẹ́kítìn-róòdù, táwọn mẹ́káníìkì ń pè ní róòdù lásán, ni apá tó di ọmọ odó mú. Kíránkì sì ni èjìká tó ń ju apá náà. Tí èèyàn bá fẹ́ kí odó yìí gbà sí i, ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè fẹ ẹnu odó, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní rebọ̀. Ó sì lè jẹ́ kí ìrìn ọmọ odó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn làwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní stroker. Wọ́n á wá kíránkì tí ìjùwọ́ rẹ̀ gùn, afẹ́fẹ́ àti epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu á pọ̀ sí i, agbára á sì dé.

Ẹni tó bá ti wọ Peugeot rí ti jẹ nínú ọgbọ́n yìí láìmọ̀. Nígbà tí 404 jáde lọ́dún 1960, ẹnu sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 84, ìrìn pístìn rẹ̀ jẹ́ 73, ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ 1,618 cc. Nígbà tí 504 dé lọ́dún 1968, ẹnu sìlíńdà ò yí padà, 84 náà ni. Ìrìn pístìn ni wọ́n fà gùn dé 81, ló bá di 1,796 cc. Lọ́dún 1970 ni wọ́n wá fẹ ẹnu sìlíńdà dé 88, tó fi di 1,971 cc. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ṣètò gbogbo irin yòókù tẹ̀ lé e. Mẹ́káníìkì tó bá fẹ́ dá a ṣe lábẹ́ igi máńgòrò, òun náà ló máa dá ètò yẹn ṣe.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti di nǹkan ojoojúmọ́ ni Amẹ́ríkà, lórí ẹ́ńjìnnì Chevrolet tí wọ́n ń pè ní 350. Onísìlíńdà mẹ́jọ ni, ọdún 1967 ló jáde. Ẹnu sìlíńdà rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4, ìrìn pístìn jẹ́ íǹṣì 3.48. Lọ́dún 1970, Chevrolet gbé àbúrò kan jáde tó ga ju ẹ̀gbọ́n lọ, ìyẹn 400, tí ìrìn pístìn tiẹ̀ jẹ́ 3.75. Àwọn mẹ́káníìkì ibẹ̀ ò jẹ́ kó tutù. Wọ́n yọ kíránkì 400, wọ́n gbé e sínú bùlọ́ọ̀kì 350, wọ́n rebọ̀ bùlọ́ọ̀kì náà ní íǹṣì 0.030, ó di 383. Ẹ́ńjìnnì yìí ló kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́gbọ́n, òun náà ló sì ba owó ọ̀pọ̀ jẹ́.

Kí ló fà á? Wọ́n rò pé ẹ̀gbọ́n lè wọ bàtà àbúrò. Ibi tí kíránkì 400 fi jókòó nínú bùlọ́ọ̀kì nípọn tó íǹṣì 2.65, àyè tí 350 ní kò ju 2.45 lọ. Tọ́nà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fá a kúrò kó tó wọlé. Lóde òní, wọ́n ti ń ṣe kíránkì tuntun tí ìrìn rẹ̀ jẹ́ 3.75, tí ìjókòó rẹ̀ sì ti bá 350 mu láti ilé. Síbẹ̀ náà, ẹ bi olùtajà léèrè pé ti ọdún wo ni. Láti 1986 ni wọ́n ti yí ọ́ọ̀lì sílì ẹ̀yìn 350 padà, kíránkì ti ìṣáájú kì í sì í jókòó dáadáa sínú ti ìgbẹ̀yìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ìṣirò rẹ̀ ò sì ju ti ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Láti àárín ibi tí kíránkì jókòó dé orí bùlọ́ọ̀kì 350, íǹṣì 9.025 ni. Nǹkan mẹ́ta ló máa to ara wọn sínú àyè yẹn: ìdajì ìrìn pístìn, gígùn róòdù, àti ìwọ̀n láti àárín ihò pín dé orí pístìn. Nínú 350 tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn, 1.74 ni àkọ́kọ́, 5.70 ni róòdù, 1.56 ni pístìn. Ẹ ro ó pọ̀, 9.00 ni. Ó wọlé, àyè díẹ̀ sì ṣẹ́ kù.

Ẹ wá gbé kíránkì 3.75 síbẹ̀, kí ẹ fi róòdù àti pístìn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ìdajì 3.75 jẹ́ 1.875. Ẹ fi 5.70 kún un, ẹ fi 1.56 kún un: 9.135! Pístìn ti yọrí jáde nínú bùlọ́ọ̀kì ní íǹṣì 0.11, tọ́ọ̀pù sìlíńdà ló sì máa lọ forí sọ. Ó parí nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà yọ nínú rẹ̀. Tálákà á fi róòdù 400 sí i, èyí tó kúrú, 5.565, á sì lo pístìn irú ti 350 tó bá rebọ̀ náà mu. Ìṣirò á padà sí 9.00. Owó kékeré ni, àmọ́ róòdù kúkúrú a máa dagun púpọ̀, a sì máa ti pístìn mọ́ ara ògiri sìlíńdà. Ẹlòmíì á fi róòdù 5.70 sílẹ̀, á ra pístìn tí ìwọ̀n tiẹ̀ jẹ́ 1.425. Ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ á ra róòdù 6.00 pẹ̀lú pístìn 1.125, ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé ihò pín á ga débi tí á fi kan ojú ibi tí ríǹgì ọ́ọ̀lì ń jókòó. Kò sí èyí tí kò dára nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wọ́n ṣáà má ti mú ìdajì ọ̀kan pọ̀ mọ́ ìdajì èkejì.

Ẹ̀yin ìyá tó ń fi òṣùwọ̀n tajà, ọ̀rọ̀ yín ló kàn. Pístìn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbọ́dọ̀ dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, róòdù náà bẹ́ẹ̀. Kíránkì 400 kì í sì í dá wá. Ẹrù tó ń mú un dúró gbọnin wà lára púlì iwájú àti fláíwíìlì ẹ̀yìn tiẹ̀. Ẹni tó bá ra kíránkì náà tó fi púlì 350 dè é, ẹ́ńjìnnì á máa gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe títí bíárìn á fi jẹ.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá wọ́n dà á ni àbí wọ́n rọ ọ́. Alágbẹ̀dẹ mọ ìyàtọ̀: irin dídà rọjú, irin rírọ ló ń gba ìyà. Fún ọkọ̀ tí kì í sáré àsápajúdé, dídà tó dáa lè tó. Ẹni tó fẹ́ fi sáré ìdíje, kó lọ fún rírọ.

Nígbà tí wọ́n bá ń tò ó, kí wọ́n fọwọ́ yí kíránkì wò díẹ̀díẹ̀. Orí nọ́ọ̀tì róòdù lè máa ha ìsàlẹ̀ bùlọ́ọ̀kì tàbí káàmù, wọ́n á sì ní láti fá ibẹ̀. Tí ìrìn pístìn bá gùn tí àyè orí rẹ̀ ò yí padà, ìfúnpọ̀ epo á ga, epo lásán lè máa bú kí àsìkò ẹ̀ tó pé. Ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń ra pístìn tí orí ẹ̀ jin bí àwo. Ẹ má gbàgbé pé bíréèkì, gíá àti rédíétọ̀ ò tíì mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ti dàgbà.

Nítorí náà, bùlọ́ọ̀kì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n, kí wọ́n tó yan kíránkì, lẹ́yìn náà róòdù, kí pístìn gbẹ̀yìn. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ ní kí mẹ́káníìkì kọ gbogbo nọ́ńbà náà sórí ìwé kí ó tó tú owó ẹ̀ sílẹ̀. Mẹ́káníìkì tó bá bínú torí pé wọ́n ní kó kọ ọ́, kí wọ́n yáa wá ẹlòmíì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.