Owó Ilé Ìdáná Kì Í Ṣe Owó Àṣẹ́kù

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà ní Fìdítì àti Ìlọrà tí àga tìmùtìmù àti tẹlifíṣọ̀n ti gba pálọ̀ wọn, ṣùgbọ́n tí ààrò ṣì wà lábẹ́ páànù jíjẹrà lẹ́yìnkùlé. Pálọ̀ ni àlejò ń rí, ibẹ̀ ni owó sì máa ń kọ́kọ́ gbà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni ti ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀, tí a bá fi ojú ọrọ̀ ajé wò ó, pálọ̀ kì í pa kọ́bọ̀ wọlé. Ilé ìdáná ló ń pa á.

Àwọn ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Afijió yìí, ìlú àgbẹ̀ ni wọ́n, ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ sì ń gbé oníbàárà wá bá wọn. Ẹ̀gẹ́ tó ti oko dé, ìdí ààrò ló ti ń di gàrí. Ibẹ̀ náà ni ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín àti àkàrà ti ń jáde lọ sójú títì. Ṣọ́ọ̀bù ni ilé ìdáná jẹ́ fún obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí iná, ọjà rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Tí èéfín bá sé ibẹ̀ pa, ara rẹ̀ ló ń san gbèsè rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé lọ́wọ́ nínú ikú nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ní ọdún 2020 nìkan.

Àwọn kan á ní bí a bá ń gúnyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń gún un ńkọ́?

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ yáwó kọ́ ilé ìdáná o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, òṣùwọ̀n èlé Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jẹ́ ìdá 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ó ti di 27.50. Èlé tí báńkì ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà sì máa ń ga ju ìyẹn lọ. Ti sọ́gúndógójì kò ṣeé fẹnu sọ. Títọ́jú owó sábẹ́ ìrọ̀rí náà kò dára: ìṣirò ìjọba fún oṣù Kejìlá 2024 gbé ọ̀wọ́ngógó ọjà sí ìdá 34.80. Ìdí nìyí tí kíkọ́ ilé ìdáná díẹ̀díẹ̀ fi bọ́gbọ́n mu. Ẹni tó ta ọsàn lónìí, tó fi èrè rẹ̀ ra búlọ́ọ̀kù àti yanrìn, ti fi owó rẹ̀ pamọ́ síbi tí ọ̀wọ́ngógó kò ti lè jẹ ẹ́. Sìmẹ́ńtì nìkan ni kì í dúró deni. Ọjọ́ tí bíríkìlà bá ń bọ̀ ni kí ẹ rà á, kí ó má baà dì.

Ìfarabalẹ̀ yìí tún ní èrè mìíràn. Ẹni tó bá dáná nínú ilé ìdáná tí à ń kọ́ lọ́wọ́ lójò àti lẹ́ẹ̀rùn yóò mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé àti ibi tí omi ń ṣàn gbà. Yóò mọ bó ṣe yẹ kí pèpéle ga tó. Bíríkìlà tí kì í dáná máa ń mọ ọ́n sí ìwọ̀n ara tirẹ̀, ẹ̀yìn ìyàwó ilé ni yóò sì máa dùn ún títí ayé.

Ọ̀nà èéfín àti òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ lókè ògiri, tàbí kí ẹ mọ ààrò tó ní ihò èéfín. Lẹ́yìn náà ni gọ́tà tí omi yóò gbà jáde, kí pèpéle tó tẹ̀ lé e. Gáàsì dára fún ọbẹ̀ àti omi gbígbóná, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò lè jẹ́ kí ẹni tó ń yan gàrí fi igi sílẹ̀, nítorí náà ẹ má wó ààrò dànù. Táìlì ni kó kẹ́yìn. Ṣáájú oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan kò kọjá nǹkan bíi náírà 470 lọ́jà ìjọba. Kí 2024 tó parí, ó ti lé ní 1,500. Gbogbo ohun dídán tó ń ti òkè òkun wá ló gun dọ́là lọ sókè.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà lè ràn wá lọ́wọ́: láti 1935 ni òfin rẹ̀ ti wà ní ilẹ̀ yìí, àwọn àgbẹ̀ kòkó ìwọ̀ oòrùn sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ ya owó ilé ìdáná sọ́tọ̀, kí ẹ máa fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpín-ìpín, bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ. Ẹ̀yin baálé ilé, owó tó bá kọ́kọ́ wọlé lẹ́yìn ìkórè tó ń bọ̀, ilé ìdáná ni kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí. Àga pálọ̀ lè dúró.