Ẹlẹ́rìí Onímọ̀ Kì í Ṣe Ti Ẹni tí ó Sanwó Rẹ̀

Irú ẹlẹ́rìí méjì ni ó ń wá sí kóòtù. Ọ̀rọ̀ ṣojú èkíní. Èkejì kò sí níbẹ̀ rárá. Nítorí ìmọ̀ rẹ̀ ni a ṣe pè é, ìbá à ṣe dókítà, ìbá à ṣe awọnlẹ̀, tàbí ìjòyè tí ó mọ àṣà ilẹ̀ rẹ̀. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní Nàìjíríà fi àyè gba irú wọn. Èkejì yìí ni ó ń bà wá lẹ́rù. Ẹni tí ó bá purọ́ pé òun rí olè, lọ́yà lè fi ìbéèrè tú u fó. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni yóò bá dókítà jiyàn?

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1999 ni a dá Sally Clark, tí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ lọ́yà, lẹ́bi pé ó pa ọmọ ọwọ́ rẹ̀ méjì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Roy Meadow, dókítà ọmọdé tí òkìkí rẹ̀ kàn, wí fún kóòtù pé kí ikú òjijì mú ọmọ méjì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni nínú mílíọ̀nù 73. Àìsàn ọmọdé ni ó mọ̀. Ìṣirò kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣe ni a kàn fi 8,543 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, bí ẹni pé ohun tí ó pa ẹ̀gbọ́n kò lè wà lára àbúrò. Èyí tí ó dùn wá jù ni ti dókítà kejì, ẹni tí ó yẹ òkú àwọn ọmọ náà wò. Àbájáde àyẹ̀wò tí ó fi kòkòrò àrùn hàn lára ọmọ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì mú un jáde. Ọdún 2003 ni a tó dá obìnrin náà sílẹ̀. Ní 2007 ó kú.

Kì í ṣe pé òfin dákẹ́. Láti 1993, nínú ẹjọ́ ọkọ̀ òkun Ikarian Reefer, Adájọ́ Cresswell ti là á sílẹ̀ pé ti kóòtù ni irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀: kí ó má ṣe fi ohun tí ó tako èrò rẹ̀ pamọ́, kí ó sì jẹ́wọ́ bí ìbéèrè bá kọjá ìmọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀, ẹ san owó iṣẹ́ awọnlẹ̀ fún un, ẹ má sì kọ́ ọ ní ohun tí yóò wí. Bí ààlà bá gba inú oko yín kọjá, ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́. Ẹ̀yin lọ́yà, ìbéèrè kan ni a bẹ̀ yín kí ẹ máa bi olúkúlùkù onímọ̀ kí ó tó sọ̀kalẹ̀: kí ni ó rí tí kò kọ sínú ìwé rẹ̀?