Ojúbọ Orí Iyanrìn: Ọ̀rọ̀ Abaeté ní Bahia

 

Nínú èyí tó jáde kẹ́yìn, ewé la sọ̀rọ̀ lé lórí. Lọ́tẹ̀ yìí, iyanrìn ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Iyanrìn tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ẹbí wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun wà lára àwọn tó sọ ọ́ di ojúbọ, ìjà sì wà lórí rẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí.

Abaeté ni wọ́n ń pe ibẹ̀, ní àdúgbò Itapuã, ní ìlú Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl. Ẹni tó bá débẹ̀ á rí adágún omi kan tó dúdú bí aró, òkìtì iyanrìn funfun báláú sì yí i ká. Omi náà kò dọ̀tí. Ewé àti igi tó jẹrà ló pa á láwọ̀, bí ìgbà tí ewé bá pẹ́ nínú ìkòkò àgbo. Òjò á rọ̀, iyanrìn á fà á mu, yóò wá máa rọra yọ jáde nísàlẹ̀ sínú adágún. Ṣé ẹ wá rí i pé iyanrìn yẹn gan-an ni àmù tó ń gba omi náà dúró? Bí wọ́n bá kó iyanrìn lọ, omi náà á tẹ̀ lé e.

Etí omi yìí ni àwọn obìnrin dúdú Itapuã ti máa ń fọṣọ fún owó láyé àtijọ́. Ganhadeira ni wọ́n ń pe irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ṣì wà lóko ẹrú, àwọn kan ti gba òmìnira. Wọ́n ń ṣe alágbàfọ̀, wọ́n ń kiri ẹja àti oúnjẹ, owó tí wọ́n tù jọ ni àwọn mìíràn fi ra ara wọn padà. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà lọ́jà, ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa mọ irú obìnrin yẹn. Ní 2004, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Itapuã, As Ganhadeiras de Itapuã, tí ń kọ orin àwọn ìyá wọ̀nyẹn. Nígbà tó di 2020, ẹgbẹ́ Viradouro gbé ìtàn wọn jó ní Kàníval ìlú Rio, wọ́n sì gba ipò kìíní. Àwọn ọlọ́rìṣà Candomblé náà kò fi etí omi yẹn sílẹ̀. Wọ́n ṣì ń gbé ohun Ọ̀ṣun lọ síbẹ̀.

Ọdún 1987 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Bahia fi òfin dáàbò bo ilẹ̀ náà. Ní 1993 wọ́n fẹ̀ ẹ́ sí i, ó di nǹkan bíi hẹ́kítà 1,800. Kí ẹ lè mọ bó ṣe tóbi tó, igbó Ọ̀ṣun tiwa ní Òṣogbo, hẹ́kítà 75 péré ni. Àmọ́ òfin ti Abaeté kì í ṣe irú èyí tó ń lé gbogbo èèyàn jáde. Ilé wà nínú ilẹ̀ náà, àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀, pápákọ̀ òfúrufú Salvador sì wà nítòsí. INEMA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí àyíká ní Bahia, ni yóò máa wo ohun tí wọ́n lè ṣe àti ohun tí wọn ò gbọ́dọ̀ ṣe. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé, torí pé iyanrìn owó ni lójú ẹni tó fẹ́ kọ́lé, ilẹ̀ ọ̀fẹ́ sì ni lójú ẹni tí kò rí ilé gbé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń tọ́jú òkìtì iyanrìn? Àwọn olórìṣà ní Bahia máa ń sọ ọ̀rọ̀ wa náà pé kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyanrìn rí. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e kiri. Bó bá kan ewéko, ewéko á dá a dúró, iyanrìn á jókòó sídìí rẹ̀, ewéko á tún yọ lórí, gbòǹgbò á so ó mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń ga. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń gba ojú kan kọjá lójoojúmọ́, ewéko ibẹ̀ á kú, afẹ́fẹ́ á rí ojú ihò, á máa gbẹ́ ẹ. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kékeré lè di kòtò ńlá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń tẹ́ pákó fún àwọn tó ń rìn, tí wọ́n ń fi ọgbà dí ojú ihò, tí wọ́n sì ń gbin igi tó jẹ́ ti ibẹ̀ padà. Kajú wà lára wọn. (Àní kajú tí à ń jẹ nílé yìí, ilẹ̀ Bràsíl ló ti wá o.) Mọ́tò ò gbọ́dọ̀ gun orí òkìtì rárá; táyà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ba ohun tí ẹsẹ̀ yóò fi ọdún bà jẹ́.

Ní 2022, ọ̀rọ̀ yìí di ìwọ́de. Àwọn onígbàgbọ́ kan ti máa ń gun òkìtì iyanrìn náà lọ gbàdúrà. Ìjọba ìlú Salvador wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìkọ́lé níbẹ̀ nítorí wọn, àwọn kan sì tún fẹ́ kí wọ́n sọ apá ibẹ̀ ní orúkọ tuntun, Monte Santo Deus Proverá. Àwọn ọlọ́rìṣà àti àwọn tó ń jà fún àyíká jáde, wọ́n ní àwọn ò gbà. Èmi náà ò bá gbà. Kì í ṣe nítorí àdúrà onígbàgbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á. Ilé tí wọ́n ń kọ́ sórí iyanrìn àti orúkọ tó máa bo ti àtijọ́ mọ́lẹ̀ ni mi ò lè gbà.

Ṣùgbọ́n a ò ní jókòó máa ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Ẹsẹ̀ ọlọ́rìṣà wúwo bíi ti onígbàgbọ́ lórí iyanrìn. Ìgò tí a bá fi ọtí ẹbọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, ìgò ni. Mãe Stella de Oxóssi, ìyálórìṣà Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá ní Salvador, tó papò dà ní 2018, sọ ọ́ ní gbangba pé ká yéé ju ohun tí kì í jẹrà sínú òkun lórúkọ Yemọja; ó ní orin tí a bá kọ fún un, ẹ̀bùn ni. Nígbà tí àgbà bí irú ìyẹn bá sọ bẹ́ẹ̀, kí la tún fẹ́ wí?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ sétí omi, ní Badagry ni o, ní Lẹ́kí ni o, ẹ gbé ẹbọ lórí ewé tàbí nínú igbá. Ẹ da oyin sílẹ̀, kí ẹ mú ìgò rẹ̀ bọ̀ wálé. Ọ̀rá kò gbọ́dọ̀ kù síbẹ̀, ike kò gbọ́dọ̀ kù síbẹ̀. Ẹ fi ojú ọ̀nà kan ṣoṣo han àwọn ọmọ, kí wọ́n má máa sáré lórí ewéko tó ń fà nílẹ̀ létí òkun, tí òdòdó rẹ̀ jọ ti ọ̀dùnkún. Òun ló ń di iyanrìn etíkun wa mú.

Ìyá kan bi mí pé, àbẹ́là ńkọ́? Ìyá mi, ẹ tàn án nílé níwájú òrìṣà, kí ẹ tó jáde. Ewéko orí iyanrìn máa ń gbẹ táútáú lákòókò ọ̀gbẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ etíkun kì í sì í sinmi. Bí ó bá di dandan kí ẹ tàn án lọ́hùn-ún, kí ẹnì kan jókòó tì í títí yóò fi jó tán, kó sì bu omi lé e lórí kó tó dìde.