Orí Tó Gbá Ilẹ̀ Kì Í Ṣe Adájọ́ Ara Rẹ̀

Nínú gbogbo òwe tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún ẹni tí ń gun ohun tí ń sáré, kò sí èyí tí ó dùn létí àwọn eléré-ìje tó èyí tí ó sọ pé ẹṣin kì í dá ni kí a má tún un gùn. Òwe akínkanjú ni, ó ti gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn dìde nínú erùpẹ̀, àwa kò sì wá láti tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹṣin ni àwọn tí ó pa òwe náà mọ̀. Wọn kò mọ alùpùpù tí ń sá ju ọgọ́rùn-ún máìlì lọ ní wákàtí kan lórí ọ̀dà tí ó le bí òkúta. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ọ́ lónìí, láìfi sábẹ́ ahọ́n sọ, pé ẹni tí alùpùpù bá dá nínú eré-ìje, tí orí rẹ̀ sì gbá ilẹ̀, kò gbọdọ̀ tún un gùn lọ́jọ́ náà, bí ó ti wù kí ó búra tó pé ara òun le koko, àti pé kì í ṣe òun ni ó yẹ kí ó dá ẹjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ akoto kì í ṣe ọ̀rọ̀ àná. Kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ́ sílẹ̀, oníṣègùn kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Eric Gardner, tí ń tọ́jú àwọn tí ó bá farapa ní Brooklands, pápá eré-ìje tí kò jìnnà sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Nígbà tí ó sú ọkùnrin yìí láti máa gba orí fífọ́ wọlé, ó tọ oníṣẹ́ ọwọ́ kan lọ ní Bethnal Green, ó ní kí ó fi aṣọ kánfáàsì àti ṣẹ́láàkì ṣe ohun tí a lè dé borí, tí yóò le tó láti gba ìkọlù, tí yóò sì jọ̀lọ̀ tó láti yọ̀ kúrò lára ohun tí ó bá kọ lù. Ó gbé e dé iwájú Auto-Cycle Union (ACU), ẹgbẹ́ tí ń ṣàkóso eré-ìje alùpùpù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ́kọ́ kọ̀ ọ́; ṣùgbọ́n nígbà tí ó di 1914, wọ́n sọ akoto di dandan fún gbogbo ẹni tí yóò kópa nínú eré-ìje TT ní Erékùṣù Man, Gardner sì di akoto 94 lẹ́rù lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn eré náà ni oníṣègùn erékùṣù ọ̀hún kọ̀wé sí i pé àwọn tí ọpọlọ wọn mì máa ń wọ ilé ìwòsàn lẹ́yìn TT bí ọdún ti ń yípo, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, òun kò rí ẹyọ kan.

Orí títì kan náà ni àwọn tí ń fi ìfẹ́ sáré, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lé e, ti bẹ̀rẹ̀ eré tiwọn ní 1923, èyí tí a ń pè ní Manx Grand Prix láti 1930: máìlì 37 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, tí ó la abúlé kọjá, tí ó rọ́ mọ́ ògiri òkúta, tí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ òkè Snaefell.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Agbárí ni akoto Gardner ń ṣọ́. Ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀ kò tí ì rí olùṣọ́. Lóde pápá eré-ìje, akoto náà pàápàá kò tí ì di dandan: ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1935, T. E. Lawrence, ajagun tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ń gun alùpùpù rẹ̀ lọ ní Dorset láìdé ohunkóhun borí; ó yà fún àwọn ọmọdékùnrin méjì tí ń gun kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà, ó gbẹ́mìí mì. Hugh Cairns, ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ ọpọlọ, wà lára àwọn oníṣègùn tí a pè sí i, kò sì gbàgbé. Ní 1941 ó gbé ìwádìí rẹ̀ lórí akoto jáde nínú British Medical Journal, ọdún kan náà ni àwọn ológun Britain pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ogun wọn tí ń gun alùpùpù máa dé e. Àwọn ará ìlú yòókù, 1973 ni òfin tó mú wọn, nígbà tí Cairns fúnra rẹ̀ ti kú láti 1952. A mọ̀ pé a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, àmọ́ ọbẹ̀ tí ó wà níta fún ọdún 32, ó ti tutù kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni ń bẹ̀rù.

Ní Oxford, níbi tí Cairns ti ń ṣiṣẹ́, ni onímọ̀ físíìsì kan, Holbourn, ti fi jẹlátììnì ṣe àwòṣe ọpọlọ, tí ó sì sọ nínú ìwé rẹ̀ ní 1943 pé yíyí tí orí ń yí lójijì ni ó ń fa ọpọlọ ya jù. Ẹni tí ó bá ti rí adẹ́mu tí ó yọ̀ ṣubú ní ọ̀nà oko yóò mọ ohun tí ó ń wí: agbè lè má sán rárá, síbẹ̀ kí ẹmu inú rẹ̀ ti ru gùdù. Bẹ́ẹ̀ ni akoto ṣe lè dán gbinrin, kí agbárí wà ní pípé, kí ọpọlọ sì ti mì tìtì, láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ọgbẹ́, àní láìjẹ́ pé ẹni náà dákú. Ó sì yani lẹ́nu pé pẹ̀lú ohun tí a ti mọ̀ láti 1943 yìí, sísọ akoto lulẹ̀ gbọnrangandan ni wọ́n fi ń dán an wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ kò tí ì pẹ́ tí òfin FIM, àjọ tí ń ṣàkóso eré-ìje alùpùpù lágbàáyé, àti òfin ECE 22.06 tí ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, fi ìdánwò yíyí kún un.

Àwọn tí ń fi ìfẹ́ sáré ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣàyẹ̀wò yóò gba akoto lọ́wọ́ eléré, yóò yí i sọ́tùn-ún sósì, yóò wá òǹtẹ̀ aláwọ̀ wúrà ti ACU lára rẹ̀. Ó tún lè ní kí ó dé e, kí ó ki okùn abẹ́ àgbọ̀n bọ òrùka méjèèjì, kí òun wá ti ìpàkọ́ bọ ìka sábẹ́ etí akoto, kí òun fà á síwájú gìrì láti mọ̀ bóyá yóò bọ́. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ojú kò lè rí inú. Fóòmù líle tí a tẹ́ sínú akoto, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ń jẹ́ ìpè: bí ó bá ti gba ìkọlù, ó ti rún, kò ní rú padà mọ́. Àjọ Snell ní Amẹ́ríkà, tí a fi sọrí Pete Snell, eléré-ìje ọkọ̀ tí ó kú ní 1956 nítorí akoto rẹ̀ kò gbà á sílẹ̀, ti ń kéde rẹ̀ pé kí a pààrọ̀ akoto tí ó bá ti gba ìkọlù, kí a sì pààrọ̀ èyí tí kò gba nǹkan kan pàápàá bí ó bá ti lo ọdún márùn-ún. Ta ni yóò pààrọ̀ rẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tí owó rẹ̀ tó o? Ẹni tí ó fi owó oṣù ra táyà, tí ó fi èyí tí ó kù san owó ìforúkọsílẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ yóò máa fà sí akoto àlòkù tí a kò mọ ibi tí ó ti ṣubú rí.

Ẹ jẹ́ kí a wo Marc Marquez, ọmọ ilẹ̀ Spain tí ó ti gba adé àgbáyé nígbà mẹ́jọ ṣáájú 2022, tí alùpùpù rẹ̀ jù sókè ní Mandalika ní ilẹ̀ Indonesia ní oṣù Kẹta 2022, ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré gan-an. Dókítà ní kò ní sáré, kò sì sáré. Nígbà tí ó ń padà sílé, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní méjìméjì. Bí kìnnìún bá lè gbọ́ràn sí oníṣègùn lẹ́nu báyìí, kí ni ó dé tí ẹni tí kò ní ju ife onídẹ kékeré kan láti jẹ yóò fi máa sọ pé orí òun kò ṣe nǹkan? Àwọn onímọ̀ tí ń pàdé lórí ọ̀ràn yìí láti ìgbà ìpàdé Vienna ní 2001 títí dé ti Amsterdam ní 2022 ti fẹnu kò pé ẹni tí a bá fura sí pé ọpọlọ rẹ̀ mì, kí ó kúrò lórí pápá, kí ó má sì padà lọ́jọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò padà, bí oníṣègùn bá ti yọ̀ǹda. Nínú bọ́ọ̀lù, ẹni tí òòyì ń kọ́ lè gbá bọ́ọ̀lù sódì kí ayé rín in. Lórí alùpùpù tí ń sá ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí, ẹni tí ó fi ìṣẹ́jú àáyá kan pẹ́ kí ó tó tẹ bíréèkì ti rin ohun tí ó lé ní 40 mítà.

Àwọn kan yóò ní kí a kúkú fi òfin de eré náà. Àwa kò bá wọn lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí a ń bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ tí ń ṣètò eré-ìje fún àwọn tí kì í gbowó, ní ibi gbogbo, ni pé kí ọ̀rọ̀ dókítà orí pápá jẹ́ abẹ́ gé e, kí wọ́n gba akoto tí ó ṣubú kí wọ́n má dá a padà, kí wọ́n sì gba ìwé àṣẹ eléré náà títí oníṣègùn yóò fi fọwọ́ sí i. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nílé wa níbí, a kò gbàgbé oṣù Kìn-ín-ní 2009, nígbà tí òfin akoto mú àwọn ọlọ́kadà, tí àwọn kan dé igbá, tí àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà láti fi tan ọlọ́pàá jẹ. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi alùpùpù ńlá sáré lónìí kò dé igbá. Akoto olówó ńlá ni wọ́n dé, àmọ́ bí wọ́n bá ṣubú, wọ́n á gbọn ara nù, wọ́n á sì tún gùn ún.

Nítorí náà, ẹ̀yin ni a bẹ̀, ẹ̀yin ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọ̀rẹ́ tí ẹ máa ń bá wọn ti alùpùpù jáde, tí ẹ ń bu epo, tí ẹ ń di irin mú, nítorí kò sí ẹlòmíràn nídìí ọ̀dọ́ náà lọ́jọ́ eré. Bí ó bá ṣubú, tí ó sì ń bi yín ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ó ń bì, tí ìmọ́lẹ̀ ń ta á lójú, tàbí tí ìwà rẹ̀ kàn yàtọ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ má ṣe tún alùpùpù náà ṣe fún un. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà.