Ta Ni Yóò Ṣọ́ Àwọn Amí?

Àwọn kan ń wí pé iṣẹ́ amí kì í ṣe ohun tí mẹ̀kúnnù ń bèèrè ìdí rẹ̀; wọ́n ní bí ìjọba bá ti yan olùṣọ́ fún ìlú, kí olúkúlùkù lọ sùn. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. A kò wí pé kí orílẹ̀-èdè má ní amí o. Ìlú tí kò ní ẹni tí ń gbọ́ ìròyìn ọ̀tá, ọ̀tá náà ni yóò jí i lójú oorun. Ohun tí a ń bá jà ni kí a gbé irú agbára bẹ́ẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí kò ní jíhìn.

Ẹ wo Amẹ́ríkà, tí ń fi òfin ṣògo. Ní 1975, ìgbìmọ̀ tí Sẹ́nétọ̀ Frank Church ṣe alága rẹ̀ fi hàn pé àwọn amí ìjọba ti ń ṣí lẹ́tà àwọn ará ìlú, wọ́n sì ti ń ka wáyà tí wọ́n ń tẹ̀ sí òkè òkun. Ní 1978 a ṣòfin pé kí wọ́n máa kọ́kọ́ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kan. Ó dára, ṣùgbọ́n ní ìkọ̀kọ̀ ni ilé ẹjọ́ náà ń jókòó. Ní oṣù kẹta 2013, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden bi James Clapper, olórí gbogbo amí wọn, ní gbangba bí wọ́n bá ń kó ìròyìn jọ nípa àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ará Amẹ́ríkà. Ó ní rárá, àwọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ìwé tí Edward Snowden kó jáde fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àjọṣe ilẹ̀ kan sí èkejì. Láti 1946 ni Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe àdéhùn láti máa pín ohun tí wọ́n bá gbọ́. Kí wá ni òfin ilé yóò ṣe? Ohun tí òfin kò jẹ́ kí n gbọ́ nínú ilé mi, ọ̀rẹ́ mi lè gbọ́ ọ, kí ó sì gbé e wá fún mi. Ní 2015, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn amí ní Ìlú Ọba dájọ́ pé bí àwọn amí Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà kò bá òfin mu títí di oṣù kejìlá 2014. Kí ni ó wá sọ ọ́ di ohun tí ó bófin mu? Pé wọ́n sọ díẹ̀ nínú ìlànà wọn fún aráyé!

Àwa tí a kì í ṣe ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà ńkọ́? Lẹ́tà íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí Èkó lè gba Amẹ́ríkà kọjá, òfin wọn kò sì dáàbò bò wá bí ó ti dáàbò bo ọmọ tiwọn. Nílé wa pẹ̀lú, òfin 1986 tí ó dá SSS àti NIA sílẹ̀ fi olórí méjèèjì sí abẹ́ ààrẹ tààrà. Ohun tí a ń fẹ́ kò pọ̀: kí ìgbìmọ̀ aṣòfin wa yan àwọn tí ó ti búra, tí yóò lè ṣí ìwé àdéhùn èyíkéyìí tí amí wa bá bá ti òkèèrè ṣe, kí wọ́n sì bèèrè ohun tí a gbà, àti ohun tí a fi fún wọn nípa àwọn ọmọ wa.